Ẹrù Àlìkámà Lójú Irin

Awakọ̀ rélùwéè fọn fèrè títí, bàbá Dreiling kò mira. Ó ti gbé ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ tó kún fún àlìkámà dábùú ojú irin, ó sì jókòó sínú rẹ̀.

Awakọ̀ bọ́ sílẹ̀ tìbínú-tìbínú. “Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ kú ni?”

“Ilé iṣẹ́ rélùwéè yín sọ pé òní lẹ máa wá síbí kẹ́yìn,” ni bàbá náà jágbe. “Ta ló máa wá kó irè oko wa? Ṣé orí la máa fi rù ú la gbogbo ìpínlẹ̀ Kansas já ni?”

Rédíò ọwọ́ awakọ̀ dún. Ọ̀gá rẹ̀ ni, tó ti gbọ́ pé ọkọ̀ àgbẹ̀ kan dí ojú irin. “Taari ọkọ̀ yẹn dànù, jàre!”

“Èèyàn wà nínú ẹ̀, sà.”

“Àgbẹ̀ kan ṣoṣo? Tó bá rí ikú, á fò jáde. Taari ẹ̀!”

Ogún ọdún ni awakọ̀ ti fi ń kó ẹrù àwọn àgbẹ̀ yìí. Ó gun ọkọ̀ ojú irin rẹ̀ padà. Bàbá Dreiling di ojú, ó ń retí ìró irin.

Níṣe ni awakọ̀ pa ẹ̀rọ rẹ̀. Ó wá jókòó ti bàbá nínú ọkọ̀ àlìkámà náà, ó pa ilẹ̀kùn dé gbàgà, ó sì gbé rédíò sẹ́nu.

“Ọ̀gá, a ti di méjì. Ẹ wá taari wa fúnra yín.”