Kíbọ́ọ̀dù Dádì Ń Pẹ́ Kó Tó Dún

"Tẹjú, ohùn yìí ṣì ń pẹ́!"

Ẹ̀rù ń ba Tẹjúmádé. Ìsìn máa tó bẹ̀rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní àdúgbò Deïdo, àwọn tó wá láti ọ̀nà jíjìn ní Yassa pàápàá ti jókòó, bẹ́ẹ̀ Elkanah bàbá rẹ̀ ń fi ìbínú gbá kíbọ́ọ̀dù.

Inú kọ̀ǹpútà tí Tẹjú ń tọ́jú ni ohùn kíbọ́ọ̀dù ń gbà jáde.

Bọ́fà ló ń fura sí, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohùn jọ sí díẹ̀ kó tó tú u sí sípíkà. Bó bá ti tóbi jù, ohùn á máa pẹ́.

Ó gé e sí ìdajì.

"Ó ṣì ń pẹ́! Pàápàá lápá òsì."

Ó tún gé e. Sípíkà wá ń ta pàù-pàù bí gúgúrú. Kò tún sí ibi tó lè gé e dé mọ́.

"Na weti dis? Ó ṣì ń pẹ́!"

Tẹjú dìde, ó na ọwọ́ kọjá èjìká bàbá rẹ̀, ó fi ìka kan tẹ kíbọ́ọ̀dù lápá òsì.

Ó dún lójú ẹsẹ̀.

Ó tún tẹ̀ ẹ́. Lójú ẹsẹ̀ náà ni.

Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ojú bàbá rẹ̀ dáadáa. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, itọ́ sì ń kán ní igun rẹ̀.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọwọ́ òsì yín sókè."

"Ṣé o ò ríran ni? Mo ti gbé e sókè tipẹ́!"

Ọwọ́ òsì náà ṣì wà lórí kíbọ́ọ̀dù, ó tẹ ohùn kan ṣoṣo mọ́lẹ̀, ohùn náà ò sì dákẹ́.