Fíúsì tí Kò-Séwu Kò Fi sí Jíìpù Àbúrò Rẹ̀

Ọkùnrin kan wà tí gbogbo wa níta àwọn mẹkáníìkì ń pè ní Kò-Séwu. Rewáyà ni, iná ọkọ̀ ló ń tún ṣe. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe olè, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ mọ́ ọn. Àìbìkítà ni àléébù rẹ̀. Tí iṣẹ́ bá ti ku díẹ̀ kó parí, ara rẹ̀ á ti máa wá ọ̀nà àtikúrò níbẹ̀. Ohun tó bá sì fi sílẹ̀ láìṣe, ọ̀rọ̀ kan náà ló fi ń bò ó mọ́lẹ̀: "Kò séwu." Ẹnu rẹ̀ dùn débi pé ẹni tó bínú wá á fi ẹ̀rín lọ.

Ó ní àbúrò kan ṣoṣo, ọmọ ìyá rẹ̀. Awakọ̀ jíìpù ni. Ibi tí kò sí ọ̀nà gidi, àárín òkúta àti ẹrẹ̀, ibẹ̀ ló ti máa ń gbé aláìsàn láti oko wá sí ilé ìwòsàn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó gbé jíìpù náà wá sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó fẹ́ iná ńlá sórí ọkọ̀, ó tún fẹ́ ẹ̀rọ tí yóò máa fa ọkọ̀ jáde tó bá rì. Fíúsì tó wà nínú ọkọ̀ kò lè gbé gbogbo ìyẹn. Ó di dandan kí wọ́n fi àpótí fíúsì kejì kún un.

Ẹ̀yin náà mọ fíúsì: òun ló máa ń já nígbà tí iná bá pọ̀jù, kí wáyà má baà jó. Kò-Séwu de àpótí náà mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó to fíúsì sínú rẹ̀, ó sì dára ní wíwò. Nǹkan méjì ló kù. Wáyà ńlá tó ti ara bátìrì lọ sínú àpótí yẹn gbọ́dọ̀ ní fíúsì tirẹ̀ nítòsí bátìrì. Ihò irin tí wáyà náà sì gbà kọjá gbọ́dọ̀ ní òrùka rọ́bà, kí ẹnu irin má baà gé e. Àmọ́ ó ti fa wáyà kọjá, ó sì ti tẹ irin mọ́ ọn lórí, kó tó rántí rọ́bà. Àfi kó gé orí wáyà náà kúrò, kí rọ́bà àti fíúsì tó lè wọ̀ ọ́, kó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ó pòṣé, ó ju rọ́bà àti fíúsì ńlá náà sínú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀.

Àbúrò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka kan ihò náà. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹnu irin yìí mú o. Ṣé kò ní gé wáyà?"

"Ìwọ awakọ̀, ta ló kọ́ ọ níṣẹ́ iná? Máa lọ jàre. Kò séwu."

Àbúrò rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Tí ẹ bá ti ní kò séwu, ó tán." Èmi tí mò ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn gbọ́ ọ, èmi náà sì bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ọ̀nà oko ń gbọn ọkọ̀, irin sì ń jẹ wáyà díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ, aboyún kan tó ń rọbí àti ìyá rẹ̀ ló wà lẹ́yìn ọkọ̀. Èéfín yọ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Àbúrò Kò-Séwu pa ọkọ̀, ṣùgbọ́n iná kò gbọ́, nítorí kò sí ohunkóhun tó lè já láàárín bátìrì àti wáyà náà. Ó gbé aboyún sọ̀ kalẹ̀ sórí koríko. Ó padà wọnú ọkọ̀, ó ti ìyá aboyún náà jáde. Kí òun náà tó jáde, iná ti dé ibi epo.

Wọ́n wọ́ òkú jíìpù náà wá síwájú ṣọ́ọ̀bù Kò-Séwu. Ó wo ẹnu ihò yẹn, ó rí ibi tí wáyà ti yọ́ mọ́ irin, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Nílé ọ̀fọ̀, ìyá wọn di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ọmọ mi, ìwọ lo mọ iná ọkọ̀. Kí ló pa àbúrò rẹ?"

"Màmá, àmúwá Ọlọ́run ni."

Kò pẹ́ sí ìgbà náà, ó ń fi gílóòbù kékeré tí wọ́n fi ń dán iná wò ṣiṣẹ́ lára ọkọ̀ ẹlòmíràn. Ẹnu wáyà gílóòbù náà ṣèèṣì kan wáyà jíjó inú jíìpù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gílóòbù tàn. Bẹ́ẹ̀, kò sí bátìrì nínú jíìpù yẹn mọ́, ó ti jóná. Ó tún fi kàn án, ó tún tàn.

"Bàbá onítáyà! Ẹ sáré wá wò ó!"

Mo sáré dé, gílóòbù ti kú. Mo ní ojú rẹ̀ ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ó ń fi gílóòbù náà kan wáyà yẹn ṣáá, ẹ̀rù sì ba èmi náà.

Láti ìgbà yẹn ni òórùn rọ́bà jíjó ti ń tẹ̀ lé e. Ó ń gbọ́ ọ nínú oúnjẹ, ó ń gbọ́ ọ nínú omi ìwẹ̀. Oníbàárà á ṣáná sọ́kọ̀ báyìí, òun á ké: "Ẹ pa á! Ẹ pa á!" Bí wọ́n ṣe sá fún un nìyẹn. Ó wá rọ́bà tó jù sínú àpótí irinṣẹ́ jáde, ó là á lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi há ẹnu ihò òkú jíìpù náà. Ní òwúrọ̀, rọ́bà á ti wà nílẹ̀. Á tún fi há a, á tún jábọ́. Mo fojú mi rí i nílẹ̀. Ẹ má bi mí pé ta ló ń yọ ọ́.

Nígbà tí kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀. "Màmá, èmi ni. Mo gbàgbé rọ́bà, mi ò fi fíúsì ńlá sí i, títú rẹ̀ ló sú mi."

Ìyá náà kò ṣépè fún un. "Ṣé àbúrò rẹ bi ọ́?"

"Ó bi mí, Màmá."

"Kí lo sọ fún un?"

Ó bú sẹ́kún.

"Sọ ọ́, kí n gbọ́."

"Mo ní kò séwu."

Ìyá rẹ̀ kọjú sí ògiri.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti di títì pa. Ọ̀dọ̀ ìyá náà ló ń gbé báyìí, òun ló sì ń tọ́jú ìyá náà. Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, tí Kò-Séwu bá na ọwọ́ láti tan iná yàrá, ìyá á bi í jẹ́jẹ́: "Ọmọ mi, ṣé kò séwu?" Òun á fa ọwọ́ rẹ̀ padà, àwọn méjèèjì á sì jókòó sínú òkùnkùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọwọ́ yín ṣiṣẹ́, ẹ gbọ́ ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó gbé iṣẹ́ fún yín ti gbé ẹ̀mí rẹ̀ lé yín lọ́wọ́. Tí ẹ bá gbàgbé ohun kékeré kan, ẹ má fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Ẹ tú u, kódà kó sú yín, kí ẹ tún un ṣe. Tí ẹnì kan bá sì bi yín bóyá ó dára, ẹ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó kí ẹ tó dáhùn.