Kọ́kọ́rọ́ Kejì

Pupa ni Muqtadir kun àgádágodo rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni ní ilé-iṣẹ́ oníke tó wà ní Ìbafò má baà ní òun kò rí i. Bí ó bá fẹ́ tú wáyà ẹ̀rọ kan, yóò kọ́kọ́ pa súwíìṣì ńlá tó ń gbé iná lọ síbẹ̀, yóò fi àgádágodo pupa náà tì í pa, yóò sì ju kọ́kọ́rọ́ sápò. Ẹni tó bá tì í nìkan ló gbọ́dọ̀ ṣí i. Òfin yìí kò sí nínú ìwé kankan níbẹ̀. Muqtadir ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ di òfin, ó sì le lórí rẹ̀ ju bí lémọ́mù ṣe ń le lórí ààwẹ̀ lọ.

Ẹnì kan ṣoṣo ni òfin náà kò mú. Olúfúnṣọ́ ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ iná. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n ti jọ ń gbé ilé kan náà ní Mòwé, tí yàrá wọn kọjú síra. Muqtadir fún un ní kọ́kọ́rọ́ kejì.

“Bí mo bá kú lójijì,” ó ní, “mi ò fẹ́ kí wọ́n fi òòlù fọ́ àgádágodo mi.”

“Ọ̀tá ẹ ló máa kú,” Olúfúnṣọ́ dá a lóhùn. Ó fi kọ́kọ́rọ́ náà kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ wọn.

Yàrá yẹn ni Sùwéébátù, ìyàwó Muqtadir, ń gbé oúnjẹ ọ̀sán àwọn méjèèjì wá. Ilé-iṣẹ́ kan náà ni òun náà wà. Òun ni ọ̀gá àwọn obìnrin tó ń di ike sínú páálí. Ẹran inú abọ́ méjèèjì kì í ju ara wọn lọ. Ó máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọkọ méjì ni òun ń bọ́, bẹ́ẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo ló san owó orí.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan lọ́dún 2006, wáyà ẹ̀rọ tó ń lẹ páálí bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Muqtadir pa súwíìṣì rẹ̀ lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó tì í, ó sì kó sẹ́yìn àpótí iná tó wà ní ìpẹ̀kun gbọ̀ngàn. Ẹni tó bá dúró nídìí súwíìṣì yẹn kò lè rí ẹni tó wà lẹ́yìn àpótí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Muqtadir ti kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá pé kí wọ́n jẹ́ kí òun gbé súwíìṣì náà sún mọ́ àpótí. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́.

Aago kan ọ̀sán Jímọ̀ kì í bá Muqtadir ní ilé-iṣẹ́. Mọ́ṣáláṣí ló máa ń bá a. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ó rí i pé irin ẹnu wáyà kan ti jóná, kò sì fẹ́ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó rán Olúfúnṣọ́ lọ sí ilé ìkẹ́rù lẹ́yìn ọgbà pé kó mú òmíràn wá.

Aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni iná dé sára wáyà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Sùwéébátù ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Igbe rẹ̀ ni àwọn yòókù gbọ́ tí wọ́n fi sáré wá. Olúfúnṣọ́ dé lẹ́yìn wọn, irin tuntun lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ṣe ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ bọ̀, ó ti rí àgádágodo nílẹ̀ ní ṣíṣí; ó wo Sùwéébátù. Oúnjẹ wọn wà lórí tábìlì yàrá iṣẹ́, kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, ọ̀gá pátápátá pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ. Ó béèrè ẹni tó ṣí àgádágodo.

“Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú, sà,” Olúfúnṣọ́ ní. “Èmi ni.”

Ọ̀gá kò béèrè ìbéèrè kejì. Wọ́n lé e kí oòrùn tó wọ̀.

Wọ́n gé ọwọ́ ọ̀tún Muqtadir láti ọrùn ọwọ́. Ìka ọwọ́ òsì kò ṣe é ká mọ́. Orí bẹ́ẹ̀dì ló ti gbọ́ orúkọ ẹni tó jẹ́wọ́.

“Olúfúnṣọ́?” Ó bi wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí ògiri. “Iná gan-an ò dùn mí tó èyí.”

Lọ́sẹ̀ yẹn ni Sùwéébátù fiṣẹ́ sílẹ̀. Òun ló ń wẹ̀ fún ọkọ rẹ̀, tó ń bá a ṣe àlùwàlá, tó ń fi òkèlè sí i lẹ́nu. Gbogbo àdúgbò ń yìn ín pé irú ìyàwó bẹ́ẹ̀ kò tún sí mọ́. Kí Muqtadir tó jẹun, yóò kọ́kọ́ ṣépè: “Ẹni tó ṣe mí báyìí, Ọlọ́run má jẹ́ kó fọwọ́ ara rẹ̀ jẹun láyọ̀.”

“O ò ṣàmín?” ó bi ìyàwó rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

“Òkèlè ń tutù,” ni Sùwéébátù fi fèsì.

Olúfúnṣọ́ wá bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó dọ̀bálẹ̀ síta gbangba, lójú gbogbo ayálégbé. Muqtadir kò jẹ́ kí wọ́n ṣílẹ̀kùn.

“Kọ́kọ́rọ́ mi ni mo fún ọ!” ó pariwo látinú yàrá. “Bàbá tó bí mi lọ́mọ, mi ò fún un!”

Olúfúnṣọ́ dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀, ó sì kó lọ sí Ìfọ̀. Wáyà ló ń fà sínú ilé onílé níbẹ̀.

Ní ọdún kẹta, Sùwéébátù sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun ń lọ sọ́jà. Ìfọ̀ ló lọ. Ó bá Olúfúnṣọ́ lórí àkàbà, ó sì kúnlẹ̀ sídìí rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ọkọ mi. Ọkàn rẹ̀ ti ń jẹ ẹ́ tán. Tiyín náà ńkọ́?”

Olúfúnṣọ́ sọ̀ kalẹ̀, ó fà á dìde, ó ní, “Ìyàwó, bó bá mọ̀ pé ìwọ lo mú kọ́kọ́rọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tó o rò pé ó ti lọ kírun, tó o sì tanná sí ẹ̀rọ páálí yín, ọwọ́ ta ni yóò tún ti gba òkèlè?”