Ìkìlọ̀ Tó Tó

"Kò tó!" Báyìí ni àwọn tó jọ ń fi ọ̀fẹ́ túmọ̀ áàpù fóònù kan sí Yorùbá tún dá ìkìlọ̀ tí ògbufọ̀ kan láàárín wọn kọ padà. "Ẹni tó fẹ́ pa nǹkan rẹ́ gbọ́dọ̀ kà á kí àyà rẹ̀ já."

Inú bí ògbufọ̀ náà. Ó fi ohùn ìyá rẹ̀ kọ òmíràn, ó gbé fóònù fún bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ẹ bá mi pa fọ́tò kan rẹ́."

Bàbá tẹ̀ ẹ́. Ìkìlọ̀ yọ: "Mo ń wò yín o. Ohun tí ẹ fẹ́ ṣe yẹn, ṣé ẹ ti rò ó dáadáa?"

Bàbá yíjú sí ilé ìdáná wìrì.

"Ìyá wọn, má bínú! Èmi ni mo fọ́ àwo rẹ. Ológbò ò mọwọ́ mẹsẹ̀!"

Ìyá yọ lẹ́nu ọ̀nà, ó ti di ìgbàjá.

Ògbufọ̀ rọra gba fóònù, ó kọ̀wé sí àwọn ògbufọ̀ yòókù: "Mo ti dán an wò. Ó tó."