Ẹ̀sùn Àlhájà Ìsàlẹ̀

Nọ́ọ̀sì kan lọ kan ilẹ̀kùn Àlhájà tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ wọn ní Hyattsville. Ìjọba ti kọ̀ láti fún Basit, ọmọ nọ́ọ̀sì náà, ní ìwé ẹ̀rí ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Wọ́n ní kò sí ẹ̀rí pé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, tó ti di ọmọ ilẹ̀ náà, lọmọ ń gbé. Lọ́yà ní àwọn lè ní kí wọ́n tún un yẹ̀ wò, àmọ́ ọjọ́ mẹ́fà péré ló kù.

Àlhájà yọ sí i pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. "Ẹ̀ẹ̀meje lọmọ ẹ fò lókè orí mi lánàá! Ó ti pé ọdún méjì tí mo ti ń kọ ọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú déètì. Lándílọ́ọ̀dù máa rí i lónìí!"

Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀.

"Má bẹ̀ mí o!"

"Ẹ̀bẹ̀ kọ́, mà. Ẹ bá mi sáìnì gbogbo ojú ewé ẹ̀, kí n gbé e fún lọ́yà."

Gbì! Àjà mì tìtì.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ kọ tìsinsìnyí náà mọ́ ọn."