Èèrà Tó Wọ Ẹsẹ̀ Yẹ́misí

Ẹ má kà á dé àárín kí ẹ gbé e jù sílẹ̀ o. Ẹ ka ìtàn yìí tán, torí ó lè jẹ́ ilé yín ló ń bá wí.

1.
"Mo ní èèrà ń rìn lẹ́sẹ̀ mi!"

"Èèrà dà? Fi hàn mí!" Olúfúnṣọ́ gbé ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀ sókè, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. Kò rí èèrà kankan. "Yẹ́misí, wèrè yìí ti tún dé."

"Ẹ̀gbọ́n mi, orí mi pé. Ẹsẹ̀ mi ni mò ń sọ."

"Wèrè wo ló ń sọ pé orí òun ò pé?"

Ẹ gbọ́ nǹkan! Ẹni tí orí rẹ̀ bá ti dàrú rí, ṣé kò gbọdọ̀ ní ẹsẹ̀ mọ́ ni?

2.
Ará Odígbó ni wọ́n. Olúfúnṣọ́ ń ta epo pupa, òun ló sì ń tọ́jú Yẹ́misí látìgbà tí orí ọmọ náà ti dàrú. Ọsibítù kan ní Ọ̀rẹ̀ fún un lóògùn, orí rẹ̀ balẹ̀. Ó wá ń jẹun gan-an. Ó sanra, ó ń dán. Ni Olúfúnṣọ́ bá jó lọ jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mọ́ọ̀tì àti mílíìkì ló fi ń kẹ́ ẹ.

Nígbà tí wọ́n padà lọ gba oògùn, Nọ́ọ̀sì Beauty tó wà ní ọsibítù náà ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wò. Ẹ ò gbọdọ̀ dá oògùn orí yìí dúró, àmọ́ ó máa ń mú kí ebi pa wọ́n. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀, tí kì í sùn, tí kì í jáde rìn, àìsàn ọkàn àti ṣúgà kì í jìnnà sí i."

"Orí la gbé wá, ẹ̀jẹ̀ lẹ ń wá! Àbí sísanra rẹ̀ ló ń dùn yín?" Olúfúnṣọ́ pòṣé, ó fa àbúrò rẹ̀ jáde.

3.
Kò pẹ́, òùngbẹ ń gbẹ Yẹ́misí, ó ń tọ̀ ṣáá. Èèrà wá dé. Dípò ọsibítù, ilé àdúrà ní Ajue ni Olúfúnṣọ́ gbé e lọ. Ẹ sì mọ ilé àdúrà, a kì í wọ bàtà níbẹ̀.

Nígbà tó yá, Yẹ́misí ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò mọ èèrà náà lára mọ́."

"Halelúyà! Èèrà ti lọ!"

Èèrà wo ló lọ? Ẹsẹ̀ ló ti kú! Ọmọ náà tẹ ìṣó, kò mọ̀. Ó ń fi ojú egbò rìn nínú yẹ̀pẹ̀, kò mọ̀. Nígbà tó ní ẹsẹ̀ òun ń rùn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kó dákẹ́, wèrè ló ń sọ̀rọ̀. Sùlè ọlọ́kadà tó wá gbé wọn relé ló fọwọ́ dí imú: "Mọ́mì, kí ló kú síbí?"

4.
Ọsibítù ni wọ́n sáré gbé e lọ, àmọ́ ṣúgà ti ba ẹsẹ̀ náà jẹ́ kọjá títọ́jú. Wọ́n gé e lábẹ́ orúnkún.

Nígbà tí Yẹ́misí lajú, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ṣé ẹ ti wá rí èèrà náà báyìí?"



Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lẹ́ni tí orí ń yọ lẹ́nu nílé, ẹ má já oògùn rẹ̀, ẹ má sì rò pé orí nìkan ló ní. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa yẹ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wò. Tó bá ní nǹkan ń ṣe òun, ẹ gbà á gbọ́! Ẹnu oníkàn la ti ń gbọ́ pọ́n-ún.

Olúfúnṣọ́ ló ṣorí kunkun, ó sì ń fẹsẹ̀ méjèèjì rìn lọ sọ́jà. Yẹ́misí ni wọ́n gé lẹ́sẹ̀.