Ọjọ́ Kan fún Iléèwé Kan

Àlàfo mẹ́rin ló wà lórí fọ́ọ̀mù JAMB, ọdún mẹ́rin gbáko sì ni Mojọlá ti fi ń dí gbogbo wọn. Lọ́dún karùn-ún yìí, ó gun ọ̀kadà láti Erio lọ sí Aramọkọ láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà Dayọ̀, ó ní iléèwé kan ṣoṣo lòun fẹ́ mú.

Dayọ̀ ló ń bá ọ̀pọ̀ ọmọ agbègbè náà forúkọ sílẹ̀. Ó wo Mojọlá bí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá.

"Ọ̀kan kẹ̀? Àwọn tó mú mẹ́rin gan-an ò tíì rọ́wọ́ mú."

"Ọ̀kan náà ni, Bọ̀dá Dayọ̀."

Kì í ṣe pé Mojọlá ò mọ̀wé. Máàkì 241 ló gbà lọ́dún tó kọjá. Glory, tí wọ́n jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà ní girama, gba 198 péré nígbà tirẹ̀, ó sì ti wọ ọdún kẹta ní yunifásítì. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó fà á. Lọ́dọọdún, orúkọ àwọn tí wọ́n mú á jáde, tirẹ̀ ò ní sí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti sú u, ojú sì ń tì í láti bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pàdé. Ó ti pinnu pé bí tọdún yìí bá tún já sófo, òun ò ní dán an wò mọ́; oko kòkó tí bàbá òun fi sílẹ̀ lòun máa kọjú sí.

Ọ̀rọ̀ iye iléèwé yìí, ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ni. Felicia, tí gbogbo Erio ń pè ní Ìyá Emmanuel, kì í fi àdúrà ṣeré. Bí ọmọ bá fẹ́ wọ iléèwé gíga, ọ̀pọ̀ òbí ládùúgbò á gbé orúkọ rẹ̀ lọ sórí òkè àdúrà. Ti Felicia wá kọjá bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kan fún iléèwé kan, kò ní jẹ, kò ní mu. Iléèwé mẹ́rin, ọjọ́ mẹ́rin. Wọ́n ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ó jọ pé ebi tirẹ̀ ò gbọ́ òwe yẹn rí. Mojọlá ló máa ń kọ orúkọ àwọn iléèwé náà fún un sórí ìwé pélébé, bí ẹnu ṣe ń pè é, torí Bíbélì Yorùbá nìkan ni ìyá rẹ̀ lè kà.

Ọmọ mẹ́ta ni Felicia bí. Emmanuel kàwé títí ó fi dé Kánádà, ọdún mẹ́fà rèé tó ti gbé fóònù ìyá rẹ̀ gbẹ̀yìn. David wà ní ọdún kejì ní yunifásítì nígbà tí mọ́tò pa á lójú ọ̀nà iléèwé. Bàbá wọn náà ò pẹ́ láyé lẹ́yìn ìyẹn. Mojọlá ló kù tí wọ́n jọ ń lọ oko, tí wọ́n jọ ń jẹun nínú abọ́ kan.

Lọ́dún tó kọjá, ní ọjọ́ kẹrin ààwẹ̀, ńṣe ni wọ́n gbé Felicia sọ̀kalẹ̀ lórí òkè. Nọ́ọ̀sì ní ọgbẹ́ inú tí wọ́n ń pè ní ọ́sà ni, pé bó bá tún dán irú rẹ̀ wò, ó lè má jí mọ́. Nígbà tí ojú rẹ̀ là, ohun tó kọ́kọ́ bi Mojọlá ni pé, "Ṣé wọ́n ti mú ọ?"

"Wọn ò tíì mú mi, Màmi."

Felicia mí kanlẹ̀, ó sì sùn. Mojọlá sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú.

"Gbọ́ mi," ni Dayọ̀ wí báyìí. "Jẹ́ ká dí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí o dárúkọ ẹyọ kan fún Màmá. Ta ló máa sọ fún wọn?"

Kí Mojọlá tó dáhùn, ọkùnrin náà ti tẹ iléèwé kejì àti ẹ̀kẹta wọlé. Mojọlá wò wọ́n fún ìgbà díẹ̀.

"Èyí tí ẹnì kankan ò gbàdúrà sí, kí ló fẹ́ mú wá? Ẹ bá mi pa wọ́n rẹ́."

Dayọ̀ pòṣé, ó pa wọ́n rẹ́.

Nígbà tí Mojọlá délé, ìyá rẹ̀ ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìnkùlé.

"Mélòó ni tọdún yìí?"

"Ọ̀kan."

Ọwọ́ Felicia dúró nínú atẹ. "Mojọlá, má fi ọ̀kankan pamọ́ fún mi o. Èyí tí mi ò bá mọ̀, mi ò lè gbé e dé iwájú Olúwa."

"Ọ̀kan ni, Màmi. Mi ò fẹ́ kí ẹ kú."

Omi lé ròrò sójú ìyá rẹ̀. Ó fa orí ọmọ náà mọ́ra, ó sì pẹ́ kó tó fi í sílẹ̀.

"Uṣu wà nínú ìkòkò," ló wí. "Wọlé lọ jẹun, ọmọ mi."

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, Mojọlá sìn ín dé ẹsẹ̀ òkè. Ó ní kó rọra máa gùn, ó dúró wò ó títí kò fi rí i mọ́. Ọkàn rẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀ bó ṣe ń padà sílé.

Felicia kúnlẹ̀ sórí àpáta, ó pe orúkọ iléèwé náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní, "Olúwa, Ìwọ tó bá mi ti ìlẹ̀kùn mẹ́rìndínlógún láàárín ọdún mẹ́rin, jọ̀wọ́, bá mi ti ẹyọ kan yìí náà, kí wọ́n má baà gba ọmọ kan tó kù lọ́wọ́ mi."